Àṣírí Aláìsàn Yàtọ̀ sí Ìwé Owó: Èwo Ni Ìjọba Lè Fi Pamọ́ fún Wa?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin àbúrò wa lọ́jà Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti iye owó gàrí tàbí ti owó ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ ara wa ni, ọ̀rọ̀ owó wa sì ni pẹ̀lú. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ní kí àwọn olóúnjẹ ṣe kí wọ́n tó lè tà fún ará ìlú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀kọ ló ń tà. Kì í kúkú ṣe ẹ̀kọ, a yí i padà ni, ìdí tí a fi yí i padà yóò sì yé yín kí ẹ tó kà á tán. A ò ní sọ ọjà tó ń ná, a ò ní sọ ọ́fíìsì tó lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fún wa láyè pé ká sọ ọ̀rọ̀ náà kí ojú ẹlòmíràn lè là, àmọ́ ó ní ká má dárúkọ òun.

Ọjọ́ tó lọ gba èsì, èrò pọ̀ níbẹ̀. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì ní ṣíṣí sílẹ̀. Orúkọ gbogbo wọn wà nínú rẹ̀, iye tí kálukú san wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n rí lára oníkálukú sì wà níwájú orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó sídìí ìwé náà pe orúkọ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni mẹ́dọ̀wú wà lára yín. Ẹ lọ rí dókítà kẹ́ ẹ tó padà wá gbàwé yín." Ohùn rẹ̀ ròkè. Àwọn tó wà lórí ìlà gbọ́, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà gbọ́.

Kí ìyá yìí tó dé ilé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ọjà. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ó gbé igbá kalẹ̀ láàárọ̀, ó gbé e nílẹ̀ lálẹ́ bó ṣe gbé e dé. Àwọn oníbàárà tó ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ọmọ òun.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí kó yé gbogbo wa: oríṣi mẹ́dọ̀wú tí wọ́n rí lára rẹ̀, B ni wọ́n ń pè é. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà ràn, àti nípa ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Kì í ti inú ẹ̀kọ ràn. Kì í ti ara bíbọwọ́ ràn. Oríṣi A àti E ló ń gba inú omi àti oúnjẹ tó dọ̀tí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún B yìí, àwọn ọmọ wa ń gbà á láti ọjọ́ ìbí. Nítorí náà, wọ́n tú àṣírí ìyá yìí, àṣírí tí wọ́n tú kò sì ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ọjà rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dojú rú

Nígbà tí ẹgbẹ́ gbọ́, àwa mẹ́rin dìde, a lọ sí ọ́fíìsì náà. A ò lọ bá wọn jà. A bèèrè ohun mẹ́ta: àwọn ọlọ́jà mélòó ni wọ́n ti yẹ̀ wò lọ́dún yìí, èló ni wọ́n gbà lápapọ̀, kí ló sì dé tí àwọn kan nínú wa kò gba rìsíìtì?

Ọ̀gá tó dá wa lóhùn bọ̀wọ̀ fún wa dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá wa. Ìwé ìlera nìyẹn. Àṣírí aláìsàn ló wà nínú rẹ̀. Òfin ò gbà wá láyè ká ṣí i fún yín."

A wo ara wa lójú. Ìwé kan náà ni o! Ìwé tí wọ́n kà síta níṣojú èrò lọ́jọ́sí, òun náà ló di àṣírí lọ́jọ́ tí a bèèrè owó. Èyí tó yẹ kí wọ́n bò ni wọ́n ṣí, èyí tó yẹ kí wọ́n ṣí ni wọ́n bò.

Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ sọ̀rọ̀ láìmọ̀dí. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni ọ̀gá yẹn sọ. Nítorí náà, a kọjá sọ́dọ̀ lọ́yà kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, a bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, a sì jókòó ti àwọn òfin náà kí wọ́n kà á sí wa létí, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí a bá bọ̀ rèé.

Àṣírí ara kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ló kó ọ̀rọ̀ àṣírí aláìsàn dé. Ẹni tó bá lọ dáfá láyé àtijọ́, kì í pariwo ohun tó gbé e wá. Owó ló máa ń gbé sẹ́nu, á sọ tinú rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, á gbé owó náà sílẹ̀, babaláwo á sì dáfá láìgbọ́ ohun tó sọ. Àwọn àlùfáà wa náà mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹ̀dùn ọkàn wá gba àdúà, ẹnu àlùfáà kọ́ ló yẹ kí aládùúgbò ti gbọ́ ọ.

Ní Ìfọ́n tiwa níbí, ilé Òrìṣà Olúfọ́n, àwọn baba wa gbà pé òrìṣà funfun ló mọ ara ọmọ ènìyàn. Abuké, arọ, àfín, ẹni òòṣà ni wọ́n pè wọ́n. Èèwọ̀ ni kéèyàn fi ara wọn ṣẹ̀sín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ara ẹni kì í ṣe ọjà tí gbogbo ayé máa dúró lé lórí máa yẹ̀ wò.

Òfin wo ló mú ìwé wo?

Ọ̀kan nínú wa ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó gbọ́, ó ní níbẹ̀, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní HIPAA, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996. Ó ní àwọn ènìyàn níbẹ̀ pàápàá ń ṣi òfin náà lò: tí wọ́n bá ti gbọ́ àìsàn, wọ́n á ní HIPAA ò gbà. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì ló mú. Àwọn tó ń ṣètọ́jú aláìsàn, àwọn tó ń ṣe ìṣéduro ìlera, àti àwọn tó ń bá wọn ṣètò ìwé owó ló mú. Ọ́fíìsì ìjọba tí kì í ṣe ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, òfin yẹn kò mú un, àyàfi òfin mìíràn. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni pé: ta ni òfin náà dárúkọ?

Ìbéèrè yẹn náà ni a gbé wá sílé. Ní Nàìjíríà, òfin mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù.

Àkọ́kọ́ ni òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè, ti ọdún 2014, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Abala 26 rẹ̀ sọ pé gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìlera ẹni tó wá gba ìtọ́jú, irú ìtọ́jú tó gbà, àti pé ó tilẹ̀ wà nílé ìwòsàn rárá, àṣírí ni. Abala 29 wá sọ pé ẹni tí ìtọ́jú ìwé aláìsàn wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ètò tí ẹni tí kò yẹ kò fi ní rí i. Bí kò bá ṣe é, ó lè lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní ju ọdún 2 lọ, tàbí kó san ₦250,000, tàbí kó fara gba méjèèjì. Òfin yìí mú ilé ìwòsàn ìjọba, ó mú ti aládàáni, ó sì mú ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò.

Èkejì ni òfin ààbò ìsọfúnni nípa ẹni, ti ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Òfin yìí kò bèèrè bóyá ilé ìwòsàn ni ọ́fíìsì náà tàbí kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba orúkọ àti ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn sínú ìwé tàbí sínú kọ̀ǹpútà, ìjọba ni o, ilé iṣẹ́ ni o, ẹgbẹ́ ni o, òfin náà mú un. Ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn èyí tó nílò ìṣọ́ra jù lọ.

Ẹ̀kẹta ni òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ti ọdún 2011, tí àwọn lọ́yà ń pè ní FOI. Òfin yìí ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní gbogbo ènìyàn lè bèèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, wọn ò sì gbọ́dọ̀ ní dandan kó sọ ìdí tó fi ń bèèrè. Àmọ́ abala 14 rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kan: ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń gba ìtọ́jú tàbí ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ìjọba, wọn ò gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn, àyàfi tí ẹni náà bá gbà, tàbí tí ọ̀rọ̀ náà bá ti wà níta tẹ́lẹ̀, tàbí tí àǹfààní ará ìlú bá ju ti àṣírí ẹni náà lọ. Abala 16 náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹni tó ń tọ́jú.

Ẹ wò ó báyìí, ìdáhùn ti ń jáde bọ̀. Nígbà tí èsì ìyá ẹlẹ́kọ wà níbi àyẹ̀wò, òfin 2014 mú un. Nígbà tí wọ́n gbé e dé orí tábìlì akọ̀wé, kò bọ́ lọ́wọ́ òfin: ti 2023 mú un, abala 14 ti 2011 sì mú un. Ibi tí ìwé bá rìn dé ni àṣírí náà ń bá a dé. Akọ̀wé tó kà á síta ṣẹ̀.

Iye owó tí wọ́n gbà ńkọ́? Iye èèyàn tí wọ́n yẹ̀ wò ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ni. Owó ìlú ni. Kò sí ọ̀kan nínú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sọ pé kí wọ́n fi í pamọ́ nítorí aláìsàn. Tí méjèèjì bá sì wà nínú ìwé kan ṣoṣo, òfin FOI ti sọ ohun tí wọ́n máa ṣe: kí wọ́n bo èyí tó jẹ́ àṣírí, kí wọ́n fúnni ní ìyókù. Ènìyàn kì í torí pé eku kan wà nínú àká kó dáná sun àká.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé "àṣírí ìlera ni," ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé orúkọ ènìyàn kan, tàbí ohun tí a fi lè dá a mọ̀, wà nínú ohun tí a bèèrè? Ṣé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ ìjọba? Tí wọ́n bá bo orúkọ, ṣé ìyókù ò lè jáde? Ìdáhùn sí mẹ́ta yìí ló máa sọ ibi tí òfin wà.

Ẹjọ́ àwọn ará Ẹdó

Ẹ lè ní, òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, ṣé ó dé ìpínlẹ̀? Ṣé ó dé ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn àti Oròlú? Ìbéèrè gidi ni, ó sì gbé àwọn kan rìn fún bí ọdún mọ́kànlá.

Lọ́dún 2014, Austin Osakue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó bèèrè ìwé lọ́wọ́ àjọ tó ń gbógun ti àrùn éèdì níbẹ̀, EDOSACA. Wọ́n fẹ́ mọ bí àjọ náà ṣe ná owó tó ti ọ̀dọ̀ Báńkì Àgbáyé wá fún iṣẹ́ éèdì. Wọn ò bèèrè orúkọ ẹni tó ní éèdì. Wọn ò bèèrè ẹni tó gba oògùn. Ìwé owó ni wọ́n bèèrè. Àjọ kò fún wọn, wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ẹdó dá wọn láre. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dojú ìdájọ́ yẹn délẹ̀, ó ní òfin FOI kò mú ìpínlẹ̀. Wọn ò sinmi. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà wá sọ̀rọ̀ àsọparí: òfin náà mú ìjọba àpapọ̀, ó mú ìpínlẹ̀, ó mú ìjọba ìbílẹ̀.

Òótọ́ ni pé àríyànjiyàn tó gbé ẹjọ́ náà dé Abuja kì í ṣe ti àṣírí aláìsàn. Bóyá òfin dé ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kọ́ wa. Bí àjọ bá wà tí ìwé aláìsàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣírí jù lọ, àjọ éèdì ni. Òfin tó lòdì sí yíyọ ẹni tó ní éèdì sọ́tọ̀ tilẹ̀ tún wà lọ́tọ̀, ti ọdún 2014, tó ní ohun tí àyẹ̀wò fi hàn gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́, tó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi dandan yẹ ènìyàn wò kó tó gbà á síṣẹ́. Síbẹ̀, ìwé owó irú àjọ bẹ́ẹ̀, ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè rẹ̀. Bí ti àjọ éèdì bá ṣeé bèèrè, kí ló fẹ́ sọ ìwé owó àyẹ̀wò olóúnjẹ di awo?

Ohun tí títú àṣírí ń fà náà kò kéré. Ní Èkó, lọ́dún 1995, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Georgina Ahamefule wò fún kòkòrò éèdì láìsọ fún un, wọ́n sì dá a dúró níṣẹ́. Ọdún 2012 ni ilé-ẹjọ́ gíga Èkó tó dá a láre, tó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Owó lè padà wá, ṣé ọdún lè padà wá?

Ìgbà tí àṣírí lè jáde

Òfin 2014 kò sọ pé kí ilé ìwòsàn di ẹnu pa títí ayé. Ó ní ọ̀rọ̀ lè jáde tí aláìsàn bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gbà. Tí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin mìíràn bá pa á láṣẹ. Tí ó bá jẹ́ ọmọdé tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ń bèèrè. Tàbí tí àìsọ rẹ̀ bá lè fa ewu ńlá fún ìlera ará ìlú.

Ẹ rántí Ebola ọdún 2014 tó wọ Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpasẹ̀ àwọn tó súnmọ́ aláìsàn, wọ́n tó bí 900. Wọ́n mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ ilé wọn, nítorí wọn ò lè dáàbò bo ìlú láìmọ̀ ọ́n. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló mọ̀ ọ́n, fún iṣẹ́ náà. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí wọ́n dúró lẹ́nu ọjà kí wọ́n máa pè é.

Bákan náà ni ti ọta ìbọn. Òfin ọdún 2017 ní kí ilé ìwòsàn gba ẹni tó fara gbọta, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, yálà ó ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní, yálà ó ti san owó tàbí kò tíì san. Kí wọ́n sì sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ wọn jù láàárín wákàtí 2 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ọlọ́pàá ni òfin dárúkọ, kò dárúkọ ará àdúgbò. Àwa ará Ìlobùú àti Ìfọ́n tí a la ìjà ààlà ilẹ̀ àti kọ́fíù ọdún 2025 kọjá, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí ọkàn bá ń gbóná, ìwé tó sọ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì àti ìlú tó ti wá, ìwé tó lè gba ẹ̀mí ni. Ẹ má bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ̀ láti sọ, ẹ má bú u. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Bí a ṣe ń bèèrè

Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́, kí wọ́n sì bá yín fọwọ́ sí ẹ̀dà náà pé àwọn gbà á. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fẹnu sọ ọ́: òfin ní kí òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un tí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Owó tí wọ́n lè gbà kò ju ti fọ́tókọ́pì àti àdàkọ lọ. Tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Tí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n kọ̀. Ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ọ́fíìsì tó bá sì fi àìtọ́ kọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦500,000.

Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yín mọ́. Ẹ má kọ pé "ẹ fún wa ní ìwé àyẹ̀wò." Wọ́n á ní àṣírí ni, wọ́n á sì jàre. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "A fẹ́ mọ iye ọlọ́jà tí ẹ yẹ̀ wò láti oṣù Kìíní, iye tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ owó náà, àti àkáǹtì tí ó wọ̀. A ò fẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni, a ò fẹ́ èsì àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni."

Ọ̀nà kan náà lẹ lè gbà bèèrè nípa ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín. Òfin ìlera 2014 yẹn kan náà ló dá àpò owó kan sílẹ̀ fún irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpò ìjọba àpapọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú òfin náà, ìdá 20 nínú 100 rẹ̀ wà fún oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ohun èlò, ìdá 15 wà fún àtúnṣe ilé, irin iṣẹ́ àti ọkọ̀. Tí wọ́n bá ní kí aboyún mú kérosíìnì àti ọṣẹ wá láti ilé, ó yẹ ká lè bèèrè èló ló dé àti kí ni wọ́n fi ṣe. Ìbéèrè yẹn kò tú àṣírí aboyún kankan.

Ìwé tìrẹ ńkọ́? Tìrẹ ni. O lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ, àti pé kí wọ́n tún un ṣe tó bá jẹ́ irọ́. Tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ, kọ ìwé sí ọ̀gá ọ́fíìsì náà kọ́kọ́. Tí kò bá gbọ́, àjọ tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni, NDPC, wà ní Abuja. Àwọn lọ́yà ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́, Legal Aid Council, wà ní àwọn ìpínlẹ̀. Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì dáàbò bo àṣírí gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

Àwa náà ńkọ́?

Ẹni tó ń tọ́ka sí ẹlòmíràn, ìka mẹ́ta ń wo òun náà. Nígbà tí lọ́yà ń ka òfin 2023 fún wa, tó dé ibi tó ti ní òfin náà mú ẹgbẹ́, ọkàn wa já. A ní ìwé ìrànlọ́wọ́ àìsàn nínú ẹgbẹ́ tiwa. Lóṣooṣù ni a ń kà á nípàdé: ìyá lágbájá, ìṣẹ́ abẹ jẹ́jẹ́rẹ́ ọmú, ìyá tàmẹ̀dù, oyún tó bàjẹ́. Kì í ṣe pé a ní i lọ́kàn láti dójú ti ẹnikẹ́ni. A rò pé ká lè mọ bí owó ṣe rìn ni. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn nípàdé ọjọ́ tí a mẹ́nu bà á dìde, ó ní, "Ẹ rántí pé mi ò gba owó yẹn nígbà tí mo ṣàìsàn. Ẹ kò bi mí léèrè ìdí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn." Ilé dákẹ́.

Láti oṣù yẹn ni a ti yí i padà. Iye owó la ó máa kà nípàdé, àti iye èèyàn tó gbà á. Orúkọ àìsàn kò ní jáde mọ́. Ìyálọ́jà, akápò àti akọ̀wé nìkan ni yóò máa rí ìwé tó ní orúkọ nínú, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni yóò sì máa wà. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba, àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é.

A ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì yẹn, wọ́n sì ti bá wa fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa. Ní àkókò tí a ń kọ ìwé yìí, ọjọ́ 4 ló pé. A ó sọ ibi tó bá já sí fún yín. Ní ti ìyá ẹlẹ́kọ, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ara rẹ̀ le. Ọjà mìíràn ló ń ná báyìí, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ó ń san owó ọkọ̀ lọ, ó ń san owó ọkọ̀ bọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi ohùn òkè sọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà lọ rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àṣírí wa tú. Ọjà á tà o. Àmín, àṣẹ.